Ẹ̀fọn ọ̀sán tó ń gbé inú dírọ́ọ̀mù omi wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abuja, pàápàá ẹ̀yin ará Kubwa, Nyanya, Mpape, Lugbe àti gbogbo ibi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi létí díẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń jẹ yín lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì, èyí tó máa ń gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ yọ́ wá tí ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ rárá, tí ẹ bá gbá a pa ẹ máa rí i pé dúdú ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ wá ní funfun ní oríkèé-oríkèé bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má kà á mọ́ ẹ̀fọn tó ń fa malaria o. Ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún, ọ̀tọ̀ ni tibí. Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò ti ibì kankan wá bá wa, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti tàn dé Amẹ́ríkà àti Éṣíà. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń pè ní yellow fever, láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì láàárín ìlú, òun ló ń gbé dengue, ó ń gbé Zika, ó ń gbé chikungunya, àwọn àrùn míì tó ń fa ibà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ẹ̀fọn, ti malaria ni. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa, ti malaria ni. Kọ́ìlì tí à ń tàn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ti malaria ni. Gọ́tà tí wọ́n ní ká máa gbá, kò kan eléyìí rárá. Ẹ̀fọn malaria, Anopheles, òru ló ń jẹun, tó bá bà sára ògiri ìdí ẹ̀ máa ń ga sókè. Èyí tó máa ń kùn sí wa létí ní gbogbo òru tí kì í jẹ́ ká sùn, Culex nìyẹn, omi gọ́tà àti ti ṣálángá tó dọ̀tí ló fẹ́ràn. Ẹ̀fọn tí mò ń sọ yìí ò fẹ́ ìdọ̀tí. Omi tó mọ́ tó dúró jẹ́ẹ́ sínú nǹkan ló ń wá: dírọ́ọ̀mù, àmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, táyà àlòkù, agolo, abọ́ tí wọ́n fi ń bu omi fún adìyẹ, àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Àárọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ àti ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ló ń jẹun jù, àmọ́ tí inú ilé bá ṣókùnkùn díẹ̀, ọ̀sán náà ò dá a dúró. Nígbà tí ẹ bá fi máa wọ inú nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ó ti yó tipẹ́.

Màmá kan wà ní kọ̀m̀páùǹdù wa ní Kubwa, Màmá Ìlọrin ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí wọn, mo bá rí tanwíjí tó ń jó sókè sódò nínú dírọ́ọ̀mù wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀fọn ti yé sínú omi yín." Màmá ní, "Háà! Ìyá Tóbi, omi bóhòlù ni mẹ́rúwà gbé wá fún mi o, omi tí mo fi ń se ọbẹ̀!" Wọ́n rò pé mò ń sọ pé omi wọn dọ̀tí ni. Omi ọ̀hún ò dọ̀tí, ó mọ́ débi pé èèyàn ń rí ìdí dírọ́ọ̀mù, ohun tó sì fa ẹ̀fọn wá síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Pátákó ni wọ́n fi bò ó, pátákó náà ò kárí, àlàfo díẹ̀ ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀fọn ò sì nílò ju ìyẹn lọ.

Ẹni tí kò bá gbé irú àdúgbò wa rí lè ní kí màmá da omi náà nù. Mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Owó ni wọ́n fi ra omi yẹn, jálá jálá ni mẹ́rúwà ń tì í wá lórí kẹ̀kẹ́, tí iná ò bá sí tí bóhòlù ò ṣiṣẹ́ owó ẹ̀ máa ń fò sókè, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pọn ún pamọ́ sí gbogbo ohun tó bá lè gba omi. Kò sí ẹni tó fẹ́ da owó ẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ funfun tó mọ́ ni mo bá wọn mú wá, a sẹ́ omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tanwíjí kù sójú aṣọ, a dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ ó kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, a fọ inú dírọ́ọ̀mù, ibi tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ sí jù lọ sì nìyí.

Ẹ̀fọn yìí kì í yé ẹyin ẹ̀ sórí omi. Ara dírọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, díẹ̀ sókè ojú omi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tín-tìn-tín, dúdú, ẹ lè máa wò ó kẹ́ ẹ rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Tẹ́ ẹ bá da omi nù, ẹyin ò bá omi lọ. Ibẹ̀ ló máa gbẹ sí, gbígbẹ yẹn ò sì pa á, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, nígbà míì ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí omi bá ti gòkè tó kàn án báyìí ló máa pa. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti pa títí dìgbà tí ẹ̀fọn máa fò jáde, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni nínú ooru tiwa yìí. Ẹ wá ro ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Abuja, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, omi kì í sí nílẹ̀, ẹ̀fọn míì á dín kù gan-an, àmọ́ eléyìí ò ní ìṣòro, ó ń gbé pẹ̀lú wa nínú ilé, omi tí à ń pọn pamọ́ ni òjò tiẹ̀. Tí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀ ní oṣù kẹrin tó kún inú gbogbo táyà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn fọganáísà, ọ̀pọ̀ ẹyin tó ti gbẹ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá á pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tó jáde ní 2020 tí kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà á. Àwọn onímọ̀ náà kó ẹyin ẹ̀fọn yìí láti ibi 27 ní Áfíríkà, wọ́n tọ́ ọ títí ó fi di ẹ̀fọn, wọ́n wá gbé òórùn èèyàn sí apá kan, òórùn ẹranko sí apá kejì, kí ẹ̀fọn fúnra ẹ̀ yan èyí tó wù ú. Àwọn tó ti ibi igbó wá, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ẹranko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ bá. Àwọn tó ti ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn, tó gbẹ, tó gbóná janjan wá, irú ilẹ̀ Sahel bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ èèyàn ni wọ́n forí lé. Ohun tí wọ́n rí sí i ni pé ẹ̀fọn yìí, inú ihò igi ló ń yé sí tẹ́lẹ̀ nínú igbó, ibi tí omi òjò bá dúró sí. Níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ihò igi gbẹ, kò wá sí omi míì àfi èyí tó wà nínú ìkòkò ọmọ èèyàn. Ẹ̀fọn tó bá fẹ́ kí ìran òun má parẹ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé, èyí tó sún mọ́ ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn òórùn wa, àwọn ọmọ ẹ̀ náà sì jogún ẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ibi tí ilé bá ti há mọ́ra tí èrò pọ̀, ìfẹ́ èèyàn yẹn tún máa ń le sí i.

Ẹ wá wo àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, omi inú dírọ́ọ̀mù, ìlú tó ń kún sí i lójoojúmọ́. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun.

Bó ṣe jáde nílẹ̀ wa lọ sókè òkun, ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrú ló gbé e lọ. Àgbá omi tí wọ́n máa mu lójú òkun ló fi ṣe ilé. Nígbà tó di 1647 ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù Barbados, ó wá di wàhálà ńlá fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Carlos Finlay, dókítà kan ní Cuba, sọ ọ́ ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, wọn ò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí Walter Reed, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò ní 1900 ni wọ́n tó rí i pé òótọ́ ló sọ.

Àmọ́ apá tó kàn wá jù nínú ìtàn yẹn, Yaba ní Èkó ló wà. Ibẹ̀ ni Rockefeller Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ sí ní 1925 láti mọ ohun tó ń fa ibà pọ́njú. Ní 1927, wọ́n bá ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan ní Ghana, Asibi lorúkọ ẹ̀, ibà ń ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n fi sára ọ̀bọ, ọ̀bọ kú, bí wọ́n ṣe rí kòkòrò àrùn náà mú fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Asibi fúnra ẹ̀ gbádùn. Adrian Stokes tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kó àrùn náà, ó kú ní Èkó lọ́dún yẹn gan-an. Kòkòrò tó ti ara Asibi wá ni Max Theiler àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York ń tọ́ tí wọ́n ń tọ́ títí agbára ẹ̀ fi rọ̀, wọ́n sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń gún káàkiri ayé lónìí, nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yẹn ló ti ṣẹ̀. Àwa tí nǹkan ti ilẹ̀ wa jáde, àwa la tún ń kú ikú tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an.

Ẹ má sọ pé ìtàn àtijọ́ ni. Ní 1969 ibà pọ́njú jà ní Jos àti gbogbo òkè yẹn. Ní 1986 ó jà ní Benue. Ní 1987 ó wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe inú igbó, àárín ìlú ló ti jà, ẹ̀fọn inú ilé yìí ló ń gbé e láti ojúlé dé ojúlé, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ò tíì gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́ fún ọdún pípẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ dókítà tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ ò fojú kàn án rí. Àfi nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 tí àyẹ̀wò jáde pé ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, ibà pọ́njú ló ń ṣe é. Ọmọ Ìfẹ́lódùn ni mí. Ìgbà tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ni mo kọ́kọ́ rò, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti gún àwọn ọmọ?" Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ wo nínú abẹ́rẹ́?" Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ ní Kwara àti Kogi tí wọ́n fẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ èèyàn bí 874,000, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú igbó ni àrùn náà ń gbé, láàárín ọ̀bọ àti àwọn ẹ̀fọn orí igi bíi Aedes africanus. Ọdẹ, àgbẹ̀, darandaran, agégi, ẹni tó lọ ṣeré, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́, ẹ̀fọn igbó lè jẹ ẹ́, ó di inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹni náà á wọ mọ́tò, á padà sí ìlú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, á dùbúlẹ̀ sílé. Ẹ̀fọn inú dírọ́ọ̀mù rèé nílé, á jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ibà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn, tó bá ti tó bí ọjọ́ mẹ́wàá tí kòkòrò ti pọ̀ nínú ẹ̀fọn náà, gbogbo ẹni tó bá jẹ lẹ́yìn ìyẹn, ó lè fún un. Ẹ̀fọn yìí kì í fò jìnnà, àdúgbò kan náà ló máa ń yí ká títí ayé ẹ̀ fi máa parí, àwa èèyàn là ń gbé àrùn láti ìlú kan sí òmíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti Borno lọ ṣe ìrìn àjò ẹ̀kọ́ ní ọgbà ẹranko Yankari, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri ní Bauchi. Yankari yìí, ibi tó rẹwà ni, omi gbígbóná Wikki wà níbẹ̀, àwọn ìnàkí ń rìn kiri láàárín àwọn àlejò. Ibà pọ́njú bẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, àwọn kan kú nínú wọn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Abuja níbí náà ló ń kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ó yẹ kí òbí máa béèrè abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń béèrè owó mọ́tò.

Ní ti bó ṣe ń ṣe èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn ló máa bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹ̀yìn dídùn, èébì, oúnjẹ ò ní wù ú. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Àmọ́ àwọn díẹ̀ wà, tí wọ́n bá ti ń rò pé ó ti lọ, tí ara ti fúyẹ́ fún bí ọjọ́ kan, ó máa padà wá pẹ̀lú agbára: ojú á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu tàbí nímú, èébì á dúdú. Nínú àwọn tó bá dé ibi yẹn, bí ìdajì ló ń kú, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Kò sí òògùn kan tó ń pa á. Omi, ìtọ́jú nílé ìwòsàn, kí wọ́n máa ṣọ́ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ohun tó wà nìyẹn.

Wàhálà tiwa ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ jọ malaria. Ará ilé á ní "malaria àti taifọ́ọ̀dù ni," wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òògùn ní igun títì, á bá wọn po oríṣiríṣi òògùn pọ̀ sínú ọ̀rá. Tí ojú bá wá pọ́n, wọ́n á ní ká wá àgbo. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbo o, àwa la ni í. Àmọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n lẹ́yìn ibà, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà ibi tó ti lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn àti bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tàbí kò gbà á, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà fún àyẹ̀wò yẹn, kì í ṣe gbogbo láàbù ló lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n máa ní láti fi ránṣẹ́. Tí ibà kan bá ń ṣe yín tí àyẹ̀wò malaria ní kò sí malaria, ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, paracetamol ni kẹ́ ẹ lò, torí pé tó bá jẹ́ ibà pọ́njú tàbí dengue, àwọn méjì yẹn lè dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde. Kí aláìsàn náà sì sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án, kí ẹ̀fọn má baà gba àrùn lára ẹ̀.

Dengue tí mo dárúkọ yìí, àwọn èèyàn rò pé Brazil àti India ló wà. Ó ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí ibà ń ṣe. Ní ìparí 2023 ó bẹ́ ní Sokoto, èèyàn 71 ni wọ́n fura sí, àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lára 13, a dúpẹ́ pé kò pa ẹnì kankan. Ẹ wo Sokoto, ibi tó gbẹ tó yẹn, ilẹ̀ yanrìn, àwọn èèyàn á ní ibo ni ẹ̀fọn ti rí omi? Inú ilé. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ò sì ran dengue o, kòkòrò tiwọn yàtọ̀, kò sí ohun tó máa gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn àfi ká má jẹ́ kí ẹ̀fọn yìí bímọ sínú ilé wa.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀mù ò fi lè kúrò lẹ́nu mi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ti tó, torí pé kò lè di ẹ̀fọn kí ọjọ́ méje tó pé. Ẹ gbé omi inú ẹ̀ sínú nǹkan míì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ẹyin tó lẹ̀ mọ́ ọn lè ṣí, omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ má dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì míì. Ìdérí tí kò bá kárí, ẹ fi aṣọ tàbí nẹ́ẹ̀tì àlòkù bò ó kẹ́ ẹ fi okùn so ó yí ká. Táńkì orí ilé, ẹ gòkè lọ wò ó, ọ̀pọ̀ ìdérí ẹ̀ ni atẹ́gùn ti gbé lọ tí lánlọ́ọ̀dù ò sì mọ̀. Táyà, ẹ gbé e wọlé tàbí kẹ́ ẹ lu ihò sí i. Mo bá fọganáísà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa sọ ọ́, Hausa ni, ó gbọ́ mi yé, ó fi tapólì bo gbogbo táyà ẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òògùn tí wọ́n ń fín sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn tó ń fò nìkan ló ń pa, tanwíjí wà nínú omi níbẹ̀, ó ń dúró dè yín.

Ó tún ní àǹfààní míì. Ẹ̀fọn malaria kan ti ti Éṣíà wọ Áfíríkà, Anopheles stephensi, wọ́n rí i ní Gombe ní 2020. Òun náà ò dà bí àwọn Anopheles tiwa tí adágún omi inú oko ń tẹ́ lọ́rùn, táńkì àti dírọ́ọ̀mù láàárín ìlú ló ń yé sí. Dírọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ bá dé dáadáa, àwọn méjèèjì lẹ tì síta.

Ó wá ku abẹ́rẹ́. Láti 2004 ló ti wà lára àwọn abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà, tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìtọ́jú ìlera ìjọba. Ẹ yọ káàdì ọmọ yín jáde ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, torí mo mọ àwọn òbí tó jẹ́ pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àkọ́kọ́ yẹn wọn ò padà lọ mọ́. Àgbàlagbà náà lè gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ló ti máa múlẹ̀ lára. Ẹni tí ẹyin adìyẹ máa ń ṣe lára gan-an, ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara ẹ̀ ti rẹlẹ̀ jọjọ, aboyún, ẹni tó ti lé ní 60, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Mẹ́kà, tí ẹ ń lọ South Africa, tí ẹ ń lọ ibikíbi tí wọ́n ti ń béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, mo bẹ̀ yín. Mo ti bá èèyàn pàdé tó sanwó fún káàdì tí abẹ́rẹ́ ò kan ara ẹ̀, ó ní òun ò ráàyè, pé ẹni tó bá òun ṣe é ní kò pọn dandan. Káàdì yẹn lè gbà yín kọjá ní éápọ́ọ̀tì. Ẹ̀fọn ò ní bi yín ní káàdì. Ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa padà wá sí Abuja, ẹ máa lọ síbi òkú àti ìyàwó ní Kwara, ní Kogi, ní Bauchi, pẹ̀lú ara tí kò ní ààbò kankan, tẹ́ ẹ sì rò pé ẹ ní.

Kẹ́ ẹ tó lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gún un. Ìgò abẹ́rẹ́ yìí tí wọ́n sábà máa ń lò, ti èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló lè lò, èyí tó bá ṣẹ́ kù dídànù ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì kì í fi í fẹ́ ṣí i fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ báyìí báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní padà lọ mọ́. Ohun tí èmi àti àwọn ìyá kan ní kọ̀m̀páùǹdù wa ṣe ni pé a para pọ̀, a kó àwọn ọmọ dání, Màmá Ìlọrin kó àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ọkọ aládùúgbò wa kan tẹ̀ lé wa, a bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ pé a máa pọ̀ tó mẹ́wàá. Wọ́n ṣí ìgò lójú wa. Ẹ̀yin náà ẹ bá àwọn ará ilé yín sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ ka iye ẹni tí kò tíì gbà á, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì iye tẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.